Ojú Àkànní Lára Dígí

Ohun kan wà tí gbogbo ará Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ síta: ìdajì àwọn òkú tí wọ́n ń tẹ àwòrán wọn sára pátákó àti ìwé ìsìnkú nílùú náà, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Léèsì funfun kan báyìí ni, tó ní òdòdó aláwọ̀ wúrà lọ́rùn. Ẹni tí kò ní ju aṣọ oko lọ nígbà ayé rẹ̀, ọjọ́ tó bá kú ló máa wọ léèsì yẹn. Kódà, ọwọ́ òsì kan wà tó wọ òrùka pupa. Ọwọ́ yẹn ti jẹ́ ti bàbá olùkọ́ kan rí, ó ti jẹ́ ti awakọ̀ kan, ó sì ti jẹ́ ti ìyá ìjọ kan. Orí ló yọ ẹni tó ń ṣe é, tí kò sẹ́ni tó tíì fara balẹ̀ wo ọwọ́ náà.

Ẹni tó ń ṣe é ni ọ̀gá Akínpẹ̀lú, tó ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan ní Odò-Ọjà, níbi tí èèyàn ti lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa wo òkè Olósùnta. Nínú kọ̀ǹpútà ọ̀gá, àpò kan wà tó pè ní ARA. Inú àpò yẹn ló kó gbogbo ara tí kò lórí sí: ara oníkóòtù, ara alágbádá, ara ìyá oníbùbá àti gèlè. Bí oníbàárà bá mú fọ́tò pélébé inú káàdì ìdìbò wá, orí nìkan ni ọ̀gá máa gé nínú Fọ́tòṣọ́ọ̀pù, á gbé e ka ọ̀kan nínú àwọn ara yẹn, á wá tẹ bọ́tìnì kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣètò, tó pè ní FỌJÚ. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ojú á ti máa dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìhunjọ á lọ, àpá á lọ, ilà ojú pàápàá á pòórá. Àwọn ọmọ olóòkú á ní bàbá àwọn mà rẹwà o. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣé bàbá wọn ṣì ni?

Ẹnìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí kò fẹ́ rí bọ́tìnì FỌJÚ sójú. Mọ́fẹ́yìsára ni, ọmọbìnrin Emùré tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá fún ọdún méjì, tó sì ti di òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Bí wọ́n bá gbé fọ́tò fún Mọ́fẹ́, ńṣe ló máa ń fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà títí ojú èèyàn á fi di igun mẹ́rin kéékèèké, á wá máa tún wọn ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Bó bá yọ àbààwọ́n, á fi àpá sílẹ̀. Bó bá tan ìmọ́lẹ̀ sójú arúgbó, ìhunjọ arúgbó náà á ṣì wà níbẹ̀. Fọ́tò kan lè gba gbogbo ọ̀sán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi sọ ọ́ ní Ìgbín.

“Ìgbín!” ni ọ̀gá máa ń ké láti ẹnu ọ̀nà. “Òkú yìí á jẹrà kó o tó parí rẹ̀ o!”

Dúpẹ́, akẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́wọ́ rẹ̀ yá bí iná, á bú sẹ́rìn-ín. Mọ́fẹ́ náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, ó ń dùn ún wọ eegun.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá, ọ̀gá rán Mọ́fẹ́ lọ sí Emùré kó lọ ya fọ́tò àwọn ọmọ ilé ìwé kan, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kò tíì ju wákàtí kan lọ tó kúrò tí ìyá kan fi wọlé sí ṣọ́ọ̀bù, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá yìí ń gbé ní abà kan lójú ọ̀nà Ìsẹ̀, níbi tó ti ń ṣe kòkó àti ẹ̀gẹ́. Ìyá Christiana ni gbogbo ayé ń pè é. Christiana tó tẹ̀ lé e yẹn ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ìyá gbé ẹrù kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ìró méjì ló fi wé e. Nígbà tó tú u, fíréèmù kan ló jáde, èéfín ti mú kí dígí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn.

Àkànní, ọkọ ìyá, ló wà nínú fọ́tò náà. Ọkọ̀ tó kó kòkó lọ sọ́jà ló pa á ní ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Christiana ṣì wà nínú oyún oṣù méje. Fọ́tò kan ṣoṣo ló yà láyé rẹ̀, òun náà nìyẹn. Láti ìgbà náà ló ti wà lára ògiri iyàrá ìyá. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìyá tó bọ́ síta, á dúró níwájú rẹ̀, á ní, “Àkànní, mo ti jí o.” Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa lọ bu omi bọ́jú. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ogójì ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn nílùú Ìsẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí fọ́tò bàbá tóbi gbàgàdà kí gbogbo ìjọ rí i.

“Ẹ kú uṣẹ́ o,” ni ìyá kí wọn lédè Ìsẹ̀ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣe é. Òun nìkan ni mo ní.”

“Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀,” ni ọ̀gá dáhùn. “Ọ̀dọ̀ àgbà lẹ dé yìí.”

Àgbà kẹ̀! Ẹ wá wo ohun tí àgbà ṣe. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fọ́tò yẹ kó mọ̀ pé fọ́tò tó bá ti wà nínú dígí fún ogójì ọdún, tí òjò ń jò sí lára, tí èéfín àrò ń fín in, ó ti lẹ̀ mọ́ dígí. Wọn kì í fà á. Ṣùgbọ́n ìyá ò tíì kọjá títì tí ọ̀gá ti mú ọ̀bẹ, ó tú ẹ̀yìn fíréèmù, ó fi ìka méjì di etí fọ́tò mú, ó sì fà á wìì. Nígbà tó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, fìlà wà níbẹ̀, agbádá wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀. Ojú ni kò sí. Ihò funfun kan ló kù níbi tó yẹ kí ojú Àkànní wà.

Òógùn bo ọ̀gá. Ó wo ẹ̀yìn dígí, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju pépà funfun tó ya jágbajàgba lọ, ó kà á sí ìdọ̀tí. Ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ń kó dígí àlòkù sí de Fọláhàn, ẹni tó ń kan fíréèmù ní òdìkejì títì. Fọláhàn kì í ra dígí tuntun bó bá lè yẹ̀ ẹ́. Èyí tó ti gbó ló máa ń kó, á fi abẹ fá a, á rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ títí á fi mọ́ gaara, á wá gé e sínú fíréèmù ẹlòmíràn.

Ọ̀gá pe Dúpẹ́ wọ kọ̀rọ̀. Kò sọ fún ẹlòmíràn. Láti ọdún tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ara ni wọ́n máa ń wá fún orí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa wá orí fún ara. Wọ́n tú kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ méjì. Nígbẹ̀yìn, wọ́n rí bàbá kan tó fani mọ́ra nínú fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ará Ìlawẹ̀ kan, wọ́n gé ojú rẹ̀, wọ́n tì í bọ abẹ́ fìlà Àkànní, wọ́n sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Ọ̀gá tẹ FỌJÚ. Ojú bàbá ará Ìlawẹ̀ dán gbinrin. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Lọ́jọ́bọ̀, Mọ́fẹ́ padà dé láti Emùré. Kò tíì gbé kámẹ́rà kọ́ tán tí ìyá àti Christiana fi wọlé.

“Màámi, ẹ wá wò ó,” ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dúpẹ́ yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn.

Ìyá súnmọ́ ọn. Ó wò ó títí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó dá a padà sójú, ó tún wò ó.

“Arẹwà ọkùnrin nìyí,” ni ìyá wí. “Ta ni?”

Dúpẹ́ wo ọ̀gá.

“Màámi, ọkọ yín ni kẹ̀,” ni ọ̀gá wí. “A fọ fọ́tò náà ni. Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́.”

“Mo bí ọmọ mẹ́rin fún Àkànní,” ni ìyá dáhùn, kò sì pariwo rárá. “Ulà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà? Ẹni yìí ò kọlà. Ẹni yìí ò mọ̀ mí rí.”

Ọ̀gá ní bí èèyàn bá ti ń dàgbà, ojú a máa ṣi nǹkan rí. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ burúkú! Ibẹ̀ ni Christiana ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

“Ọ̀gá, kò sí ohun tó ṣe ojú ìyá mi. Láti kékeré lèmi náà ti ń wo fọ́tò yẹn. Ẹ gbé ojúlówó rẹ̀ wá. Ẹ gbé fọ́tò wa wá nísinsìnyí!”

Kò sí ibi tí ọ̀gá máa gbà. Ó họrí, ó fa àpòòwé kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó nà án sí i. Christiana fa fọ́tò yọ, ó rí ihò funfun, ó figbe ta. Àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì dúró, wọ́n ń yọjú wò.

Ìyá ò ké ní tirẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà, ó gbé ìró méjì tó mú wá láti fi wé fọ́tò lọ sílé lé itan, ó ń ká wọn, ó ń tú wọn, ó tún ń ká wọn. Nígbà tó ṣe, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

“Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń jí bá ògiri lásán. Mo ní kò burú, pé ó ń bọ̀ wálé. Bí mo bá wá jí lọ́la, ta ni mo fẹ́ kí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Mọ́fẹ́ nínú. Omi lé sí i lójú, ojú sì tì í fún iṣẹ́ tó ń ṣe. Ló bá mú fọ́tò tó ya náà lọ́wọ́ Christiana, ó gbé e súnmọ́ ojú, bó ṣe máa ń wo gbogbo nǹkan. Ó fi ìka tọ́ etí ihò náà. Pépà ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ibi yòókù lọ, ṣùgbọ́n kò lu. Awọ òkè nìkan ló ṣí kúrò. Awọ tó bá ṣí kúrò níbì kan gbọ́dọ̀ ti lẹ̀ síbòmíràn.

“Ọ̀gá, dígí rẹ̀ ńkọ́?”

“Dígí wo? Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti kọjá dígí.”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ojú bàbá ò tíì sọnù. Ara dígí ló wà. Níbo lẹ gbé e sí?”

Ọ̀gá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Dúpẹ́ ló dáhùn fún un.

“Bọ̀dá Fọláhàn ti kó gbogbo dígí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ láàárọ̀ yìí.”

Mọ́fẹ́ ò dúró wọ bàtà. Ó ki eré mọ́lẹ̀, ó já títì kọjá, ọlọ́kadà kan sì tẹ bíréèkì fìì níwájú rẹ̀, ó ń ké pé, “Ṣé ikú ló ń lé ẹ ni?” Mọ́fẹ́ ò wo ẹ̀yìn. Ìgbín tí wọ́n ń wí nìyẹn o, ẹni tí kì í yára!

Fọláhàn jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń bá rédíò kọrin, abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dígí mẹ́ta ti fara ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn mọ́ gaara. Ẹ̀kẹrin wà lórí itan rẹ̀, ó sì ti ń fá a.

“Bọ̀dá Fọláhàn! Ẹ dúró! Ẹ gbé abẹ sílẹ̀!”

Fọláhàn ta gìrì, díẹ̀ ló kù kó gé ara rẹ̀. “Kí ló dé? Ta ló kú?”

“Ẹni tó ti kú láti ogójì ọdún lẹ fẹ́ tún pa yẹn!”

Ẹnu ya ọkùnrin náà. Mọ́fẹ́ wo àwọn dígí mẹ́ta tó ti mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni, ó ti parí. Ó wo èyí tó wà lórí itan. Etí rẹ̀ pọ́n fún èéfín. Pépà funfun jágbajàgba lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀, abẹ sì ti fá ibi tó tó èékánná kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká kiribiti sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ Fọláhàn. Ọlọ́run ló ṣe é tí kò tíì rẹ ẹ́ sómi. Mọ́fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbé dígí náà, ó rọra yí i padà, ó wò ó láti iwájú.

Ọkùnrin kan ń wò ó láti inú dígí. Ojú méjèèjì pé, imú pé, ẹnu pé. Ilà gbọọrọ kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Etí òsì nìkan ló bá abẹ lọ.

“Yéè!” Fọláhàn fò dìde. “Mo ṣèbí ìdọ̀tí ni!”

“Gbogbo wọn ló rò bẹ́ẹ̀,” ni Mọ́fẹ́ wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. “Bọ̀dá, ẹ bá mi dá ọkọ̀ dúró lójú títì, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá mi.”

Fọláhàn na abẹ àti ọwọ́ sókè láàárín títì bí ọlọ́pàá, àwọn ọkọ̀ dúró, Mọ́fẹ́ sì gbé Àkànní kọjá.

Ọ̀gá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù ti gbé e dé ibi tó ti ń bínú. “Ṣó o gbọ́, bó o bá fọ́ dígí yẹn, tàbí tó o tún bà á jẹ́ ju báyìí lọ, ilé yín ní Emùré ni kó o gbà lọ. Má padà wá síbí mọ́.”

“Mo gbọ́ o, ọ̀gá,” ni Mọ́fẹ́ dáhùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún mi nídìí kọ̀ǹpútà ńlá.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì sọ fún ọ̀gá pé kó dìde níbẹ̀ rí. Ọ̀gá wò ó. Ó wo ìyá lórí bẹ́ńṣì. Ó dìde.

Mọ́fẹ́ tẹ́ dígí náà sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó. Ó ní kí Dúpẹ́ na agboòrùn dúdú sókè kí ojú ọ̀run má bàa hàn nínú dígí, ó gbé kámẹ́rà ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ya ojú Àkànní. Kò ṣí igi náà nípò. Ó gbé fọ́tò tó ní ihò funfun náà síbi kan náà, ó ya òun náà, kí àwọn méjèèjì lè ṣe wẹ́kú. Ó kó wọn sínú Fọ́tòṣọ́ọ̀pù, ó gbé ọ̀kan lé orí èkejì bí ìgbà tí èèyàn to ọ̀rá méjì tó mọ́lẹ̀ kedere léra wọn. Ó wá ń sún ojú náà díẹ̀díẹ̀. Ó lọ sókè jù. Ó dá a padà. Ó lọ sápá ọ̀tún jù. Ó tún dá a padà. Lójijì, etí ojú náà bá etí ihò náà mu lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, ojú Àkànní wọ abẹ́ fìlà rẹ̀ ṣínṣín.

“Ó ti wọlé!” ni Dúpẹ́ kígbe. Bí ìṣe rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi bọ́tìnì FỌJÚ. Mọ́fẹ́ gbá ọwọ́ náà pàá.

“Má dán an wò! Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì mí. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú yìí, èmi ò mọ̀ ọ́n.”

Ìyá kó ìró rẹ̀ dání, ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí Mọ́fẹ́ ṣe ń fẹ ojú náà tóbi tó ń fọ èéfín kúrò níbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyá ń tọ́ka.

“Ulà ọ̀tún yẹn gùn ju ti òsì lọ. Ọwọ́ olóolà gbọ̀n lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ó wà bẹ́ẹ̀, Màámi. Nǹkan dúdú abẹ́ ojú yìí ńkọ́? Àbààwọ́n ni, àbí ara rẹ̀ ni?”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. “Ara rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni mo tẹjú mọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá mi lóko, nítorí ojú ń tì mí láti wo ojú rẹ̀ gan-an. Má yọ ọ́ o.”

Ó ku etí. Dúpẹ́ ní ìyẹn ò le, kí wọ́n ṣáà da etí ọ̀tún kọ, kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n fi sí òsì.

“Rárá,” ni ìyá wí. “Etí méjèèjì ò jọra. Màrìwò ya ti òsì nísàlẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé.”

Mọ́fẹ́ da etí ọ̀tún kọ, ó yí i padà, ó wá gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ìyá ní ó pọ̀ jù, ó ti dà bíi pé ajá ló bù ú jẹ. Mọ́fẹ́ dín in kù. Ìyá ní ó ti wá kéré jù. Christiana náà dá sí i. Fọláhàn, tí kò padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, dá sí i láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́, ó gbé ìka lé ojú kọ̀ǹpútà. “Ibẹ̀ yẹn. Dúró. Má kúrò níbẹ̀ mọ́.”

Àárín rẹ̀ ni iná lọ. Bátìrì tó gbé kọ̀ǹpútà ró bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíì, fíì. Kò sẹ́ni tó pe ọ̀gá o, òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, tó ń fà á, tó ń bẹ̀ ẹ́, títí jẹnẹrétọ̀ fi dáhùn. Ó padà wọlé pẹ̀lú epo lọ́wọ́, ó lọ dúró sẹ́yìn àga Mọ́fẹ́.

Àgbọ̀n ló kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni èéfín àti èébu ti pọ̀ jù, nínú fíréèmù ògiri, àbààwọ́n dúdú nìkan lèèyàn ń rí níbẹ̀ láti ogójì ọdún. Bí Mọ́fẹ́ ṣe ń ṣí i kúrò, ó rí kòtò kékeré kan láàárín àgbọ̀n. Ó rò pé ibi tí pépà ti ya ni, ó ti fẹ́ dí i. Ó tún ro ó wò. Ó yíjú wo Christiana, tó tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

“Anti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wojú mi dáadáa.”

Christiana wò ó. Kòtò yẹn náà ló wà láàárín àgbọ̀n rẹ̀, bí ẹni fi ìka tẹ̀ ẹ́.

“Mo sọ fún un láti kékeré!” ni ìyá ké, ó sì pàtẹ́wọ́. “Mo ní àgbọ̀n bàbá rẹ̀ ló gbé wáyé. Ó ṣèbí mo kàn ń tu òun nínú ni!”

Christiana súnmọ́ kọ̀ǹpútà. Ó gbé ìka kan lé àgbọ̀n ara rẹ̀, ó gbé òmíràn lé ti ojú kọ̀ǹpútà, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dàgbà láìrí bàbá rí, bàbá wà lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé. Omijé ń dà wẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì nù ún.

Wọ́n tẹ fọ́tò náà jáde lórí pépà tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Fọláhàn sáré lọ kan fíréèmù sí i. Ó gbé dígí wá, dígí tuntun ni o, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ yíká kí ó má bàa fara kan fọ́tò láéláé. Ní ti dígí àtijọ́, Mọ́fẹ́ fi owú wé e, ó tò ó sínú páálí fún Christiana, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò náà dúró ti ògiri, ọ̀gá Akínpẹ̀lú jáde síwájú ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, tòun ti epo jẹnẹrétọ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì.

“Màámi, mo ṣẹ̀ yín. Mo ba nǹkan yín jẹ́, mo sì parọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

“Dìde,” ni ìyá wí. “Ọmọbìnrin yìí ni kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ọ̀gá dìde. Ó wo Mọ́fẹ́. Ó ṣí ẹnu láti pe orúkọ tó ti mọ́ ọn lára láti ọdún mẹ́ta, ó gbé e mì.

“Mọ́fẹ́yìsára,” ló pè é, “àga yẹn ni kó o máa jókòó sí láti òní lọ. Dúpẹ́, yọ FỌJÚ kúrò nínú kọ̀ǹpútà.”

“Gbogbo rẹ̀, ọ̀gá?”

“Yọ ọ́ báyìí kí n tó yí ọkàn padà!”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó ń yọjú lójú títì náà bá wọn rín in. Mọ́fẹ́ ò rí gbogbo ìyẹn. Ìyá ló ń wò.

Ìyá ti dìde. Ó tún ìró ìdí rẹ̀ ró, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó lọ dúró síwájú ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń dúró ní iyàrá rẹ̀ lábà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń lọ sílé, ọjà ti ń tú, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ta ló ń jí nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó wo ilà méjèèjì, ó wo nǹkan dúdú abẹ́ ojú, ó wo etí tí màrìwò ya.

“Àkànní,” ni ìyá wí, “mo ti jí o. Má bínú pé mo pẹ́.”